Kọ̀ǹpútà Inú Kẹ́ẹ̀gì

Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ẹ ò ní wọ ilé kan kẹ́ ẹ má bá kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀. Èyí kan ti gbé epo pupa rí, òmíràn ni wọ́n fi ń pọnmi, òmíràn ń gbé bẹntiróòlù lẹ́yìn ọ̀kadà. Èyí tí ìdí ẹ̀ bá ti jò, wọ́n á gé e sí méjì, apá kan á di ohun tí wọ́n fi ń bomi fún ewúrẹ́. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti wo kẹ́ẹ̀gì rí ká sì rò ó pé kọ̀ǹpútà lè gbé inú ẹ̀.

Wọ́n ti rò ó ní Kútọnu o. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ BloLab, Médard Agbayazon ló dá a sílẹ̀, láti 2014 ló sì ti wà. Níbẹ̀, wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n á fún wọn ní kẹ́ẹ̀gì, ọ̀bẹ, síkúrúdiráfà àti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ti kà sí pàǹtí. Wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni ṣí fèrèsé. Wọ́n á so motherboard mọ́ inú ẹ̀, wọ́n á fi hard disk sí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá àyè fún àpótí tó ń pín iná, wọ́n á lu ihò sára ẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì. Fáànù á yí, ojú screen á mọ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà yìí ni Jerry.

Orúkọ yẹn gan-an ní ìtàn. Jerrycan ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe kẹ́ẹ̀gì. Irin ni ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun Jámánì ni wọ́n ṣe é fún lápá ìparí àwọn ọdún 1930, kí wọ́n lè máa fi gbé epo mọ́tò lójú ogun. Jerry sì ni orúkọ ìnagijẹ tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ará Jámánì. Ogun parí, irin di ike, ike dé ọjà wa. Nígbà tó wá di 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ENSCI, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà nílùú Paris, gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ètò náà kò pẹ́ rárá kó tó sọdá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó dé Abidjan, ó dé Kútọnu. Mo rò pé mo mọ ìdí tó fi tètè ràn níbí ju Paris lọ. Ní Paris, kẹ́ẹ̀gì jẹ́ àwàdà tó ní ọgbọ́n nínú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kẹ́ẹ̀gì ni ohun tó wà nílẹ̀.

Ìṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, mo sì kà á ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí la lè kọ ètò fún ilé ìfowópamọ́ odindi, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà wa bá kọ̀ tí kò tàn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn la ń gbé e lọ. Ìdí nìyí tí ìtàn kẹ́ẹ̀gì yìí fi mú mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò kọ ìlà ètò kan rí láyé ẹ̀ jókòó ní ọ̀sán kan, ó to kọ̀ǹpútà, ó sì ṣiṣẹ́. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Kò sẹ́ni tó lè jókòó ní ọ̀sán kan kó to fóònù alágbèéká tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè to tẹlifíṣàn. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi yàtọ̀?

Kò yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà dé ní 1963, wọ́n fi ṣe òǹkà ètò ìkànìyàn ọdún náà. Irú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn tóbi tó yàrá, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń tún un ṣe, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló ń kọ́ àwọn tó máa lò ó. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣí i wò, wọ́n á ní kó lọ wábi jókòó sí.

Ìyípadà wá láti ibi táwọn ènìyàn ò fojú sí. Ní oṣù kìíní 1975, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, Popular Electronics, gbé àwòrán àpótí kan sára èèpo ìwájú ẹ̀. Altair 8800 ni orúkọ àpótí náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ed Roberts, tí gbèsè fẹ́ gba ilé iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Albuquerque, ló ṣe é. Wọ́n ń ta á ní dọ́là 439, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara ẹ̀ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín, wáyà àti ihò àti òjé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jó o pọ̀. Kò ní keyboard, kò ní screen. Ìrántí ẹ̀ kò ju báìtì 256 lọ, ìyẹn kò tó gbólóhùn mẹ́ta nínú ohun tí ẹ ń kà yìí. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rà á, torí pé ó jẹ́ tiwọn. Lóṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn kan lára wọn pàdé nínú gáréèjì ilé kan ní Menlo Park, ní California, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Homebrew Computer Club. Steve Wozniak wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1976, ó ti ṣe Apple I, wọ́n sì ń ta á ní dọ́là 666.66. Pákó lásán ni wọ́n ń tà o. Ẹni tó bá rà á ló máa wá keyboard, ló máa wá àpótí iná, ló máa kan pákó tí yóò máa gbé. Ẹ wá rí i pé àwọn ọmọ Kútọnu kọ́ ló kọ́kọ́ máa wá ohun tí wọ́n máa ki kọ̀ǹpútà bọ̀.

Ṣùgbọ́n Altair àti Apple I, iṣẹ́ àwọn tó ti mọ iná mànàmáná tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí kò lè fi òjé jó wáyà kò lè sún mọ́ ọn. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1981, nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ jáde, IBM PC. Wọ́n kánjú ṣe é ni, kò tó ọdún kan tí wọ́n fi parí ẹ̀, torí náà wọn ò ráyè ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ra ọpọlọ ẹ̀ lọ́wọ́ Intel, wọ́n gba ètò tó ń darí ẹ̀ lọ́wọ́ Microsoft, ohun tó wà lọ́jà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìyókù. Wọ́n tún tẹ ìwé tó ṣàlàyé inú ẹ̀ tán pátá, kí àwọn mìíràn lè máa ṣe ohun tí wọ́n á fi kún un. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ ti IBM tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà kọ: BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, tó ń sọ fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ní 1982, ilé iṣẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Compaq fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà tí gbogbo ètò IBM á máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá da BIOS náà kọ, ilé ẹjọ́ ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín òṣìṣẹ́ wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn apá kan ka BIOS ti IBM dáadáa, wọ́n sì kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀: bí a bá bi í báyìí, báyìí ló ń dáhùn. Wọn ò kọ bó ṣe ń ṣe é, ohun tó ń ṣe nìkan. Wọ́n wá kó ìwé náà fún apá kejì, àwọn tí kò fojú kan ti IBM rí, tí wọ́n lè búra pé àwọn ò rí i. Àwọn yẹn ló wá kọ BIOS tuntun láti òfìfo. Bí ẹni tí wọ́n ròyìn adùn ọbẹ̀ fún, iyọ̀ ẹ̀, ata ẹ̀, bó ṣe ń fà létè, tó wá lọ se tirẹ̀ láì dé ilé ìdáná ẹni tó kọ́kọ́ sè é. Òfin ò rí wọn mú. Ní 1984, ilé iṣẹ́ mìíràn, Phoenix, ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ àwọn ò tọ́jú tiwọn sábẹ́ ìrọ̀rí, ńṣe ni wọ́n ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ní Taiwan, ní Texas, ní Ìkẹjà, lè to kọ̀ǹpútà tó jẹ́ PC lóòótọ́, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ IBM.

Ó ku ohun kan, àwọn tó ń kọ ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn kọ̀ǹpútà máa ń fi òfì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní Joseph Marie Jacquard, ní Lyon, ní 1804, fi páálí tí wọ́n lu ihò sí darí òfì, pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dé Ìsẹ́yìn, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà wò lára òfì kì í ṣe bí òwú ṣe ń lọ sókè sódò. Ìbú aṣọ ni kó wò. Aṣọ òkè tí ọkùnrin ń hun lórí òfì kì í fẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ká sọ pé ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Torí pé gbogbo wọn mọ ìbú tí wọ́n ń hun, bí aṣọ ẹbí ńlá bá wọlé, ahunṣọ kan kì í dá a hun. Wọ́n á pín in káàkiri agbolé, oníkálùkù á hun tirẹ̀, aránṣọ á wá gbá ọ̀já gbogbo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì ní sí èyí tó fẹ̀ ju èkejì lọ. Aránṣọ náà kò ní láti mọ ahunṣọ kankan lójú.

Ìbú ọ̀já yẹn gan-an ni Intel fún kọ̀ǹpútà ní 1995, nígbà tí wọ́n gbé ìlànà ATX kalẹ̀. ATX kì í ṣe ẹ̀rọ rárá, àdéhùn ni: ibi tí ihò síkúrù máa wà lára motherboard, ibi tí wáyà iná máa wọlé sí, bí ẹ̀yìn àpótí ṣe máa rí. Láti ìgbà náà, ẹ lè ra motherboard lọ́wọ́ ẹnì kan, ra àpótí iná lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á sì wọnú ara wọn. Síkúrù tó mú ti ọdún 1998 ló mú ti òní. Ọmọ tó ń to Jerry ní Kútọnu, àdéhùn yìí ló ń jẹ.

Àwa náà jẹ ẹ́ o, ká má parọ́. Títí di àwọn ọdún 1990, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ni Òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ló kọ́kọ́ gba yàrá díẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé wọn, kó tó di ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Computer Village. Ohun tí wọ́n ń tà jù nígbà yẹn kì í ṣe fóònù. Clone ni wọ́n ń tà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò fúnra wọn látara ẹ̀yà tí wọ́n kó wọlé. Ẹ óò sọ iye owó tí ẹ ní, ọmọkùnrin kan á gbé àpótí ka orí tábìlì, á máa fi síkúrúdiráfà dẹ̀ ẹ́ lójú yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá bí ẹni kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n gba fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n sì gba ọmọṣẹ́ tiwọn. Ní 2001, Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde, kọ̀ǹpútà tí orúkọ Nàìjíríà wà lára ẹ̀. Florence Seriki, tó dá Omatek sílẹ̀ ní 1988, náà ń to tirẹ̀ ní Lagos. Ó kú ní 2017.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ sí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. "Ẹ ò ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ kàn tò ó ni." Ó ṣì ń tẹ̀ lé ọmọ tó bá gbé Jerry wá sílé. Bàbá á wò ó, á ní: "Ṣé ìwọ lo ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgbẹ̀dẹ ní Ṣakí. Alágbẹ̀dẹ jókòó, ọmọṣẹ́ ń fẹ́ ẹwìrì, ọkọ́ ń pọ́n nínú èédú. Níbo ni irin yẹn ti wá? Láti abẹ́ mọ́tò. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni, wọ́n gé e, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ́ àti àdá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látijọ́. Ní 1904, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ irin nínú òkúta: wọ́n ń wà á nílẹ̀, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń fi èédú yọ́ ọ nínú iléru amọ̀. Irin òyìnbó wọ̀lú, ó pọ̀, kò wọ́n, iná iléru wọ̀nyẹn sì kú. Àwọn tó ń yọ irin tán. Alágbẹ̀dẹ ò tán. Títí di òní, kò sí àgbẹ̀ tó gba ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí tó bi í pé ṣé òun ló wa irin ẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnì kan lè ní àfiwé yìí ò pé, pé alágbẹ̀dẹ ń yí irin padà, pé ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà kò yí nǹkan kan padà. Òótọ́ ni. Aránṣọ tó ń gbá ọ̀já aṣọ òkè pọ̀ ló sún mọ́ ọn jù, òun náà ò hun nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ahunṣọ wo ni òwú ẹ̀ ń já, àwọ̀ ta ló ń ṣí. Ó mọ̀ ọ́n, torí pé gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Ọ̀tígbà ṣe mọ àpótí iná tó ń jó àti èyí tí wọ́n kọ iye kan sára ẹ̀ tí kò gbé e. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń fi orúkọ wọn yangàn náà ńkọ́? Apple kì í fúnra ẹ̀ ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó ń yà á sórí ìwé ni, TSMC ní Taiwan ló ń ṣe é, ẹ̀rọ tí TSMC sì fi ń tẹ èyí tó le jù nínú ẹ̀, ASML nílẹ̀ Netherlands ló ń tà á. Kò sẹ́ni tó dá kọ̀ǹpútà ṣe láyé mọ́. Gbogbo ayé ń tò ó ni.

Ibi tí mo fara mọ́ àwọn tó ń bú wọn ni ti owó. Ẹni tó ń fi dọ́là ra gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, tó ń fi náírà tà á, ọjọ́ tí náírà bá wólẹ̀ lòun náà ń wólẹ̀. Ohun tó ṣe clone nìyẹn, yàtọ̀ sí pé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ dé, tó sì gba ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Jerry kò ní wàhálà yẹn, torí pé ohun tó wà nílẹ̀ ló ń lò. Ní Lomé, ní Tógò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kodjo Afate Gnikou fi irú pàǹtí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní gíga àti ìbú, 3D printer, ní 2013. Nílé iṣẹ́ WoeLab ló ti ṣe é. Àwọn ẹ̀yà ara printer àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló tú palẹ̀ tó fi ṣe é.

Ó wá kan Òkè-Ògùn gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lónìí, kò sí ẹ̀kọ́ tó le nínú ẹ̀. Ẹ má fi owó ra ẹ̀yà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kan, èyí tó dùbúlẹ̀ tàbí tó nàró lábẹ́ tábìlì, Dell tàbí HP, kódà bí kò bá tàn. Ẹ tú u. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yọ wáyà kan. Ẹ tò ó padà. Ẹni tó bá ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta tó sì tò ó lẹ́ẹ̀mẹta ti mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára pé ráàmù kì í wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ "kà!" ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní àmì kan ní igun tó gbọ́dọ̀ bá àmì tó wà nílẹ̀ mu, pé ọ̀rá tó wà láàárín òun àti fáànù gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ kó má pọ̀. Ọ̀pọ̀ motherboard àtijọ́ á bá yín sọ̀rọ̀: bó bá ké "píì" lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni, bó bá ń ké léraléra láìdákẹ́, ráàmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àpótí iná nìkan ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má tú. Iná tó ń wọ inú ẹ̀ ju fóòtì 220 lọ, ó sì lè fi í pamọ́ sínú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fà á yọ. Ohun tó ń gbé jáde fún ìyókù, 12 àti 5 àti 3.3, ìyẹn kò lè pa ènìyàn.

Ìwé tí wọ́n ń kọ níbòmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ti ọyẹ́. Ẹ̀yin tó wà ní ọ̀dàn mọ̀ ọ́n: bí ọyẹ́ bá ti dé, ètè á bó, aṣọ á máa ta pàrà bí ẹ bá ń bọ́ ọ lálẹ́, nígbà mìíràn ẹ á rí iná kékeré nínú òkùnkùn. Iná yẹn, tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ó tó láti pa ráàmù. Torí náà, lọ́yẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀, ẹ má sì jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí kẹ́ ẹ wọ aṣọ onírọ́bà. Eruku náà wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ń gbé Òkè-Ògùn, ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣí i fọ eruku fáànù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru á sè é.

Ti iná mànàmáná ló gbẹ̀yìn, òun ló sì dùn mí jù. Ní ibẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà ìjọba Shagari, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò Ògùn ní Ìkéré, lágbègbè Ìsẹ́yìn. Omi tó wà lẹ́yìn ìsédò náà lè tó mílíọ̀nù 690 mítà oníhà mẹ́ta. Wọ́n ní á fún àwọn àgbẹ̀ lómi, á sì máa mú iná jáde. Sójà gbàjọba ní ìparí 1983. Omi wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ń pẹja nínú ẹ̀. Iná ni kò jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti di ẹni ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ló fà á tí ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà ní ìhà ibí fi gbọ́dọ̀ ṣírò iná tó máa jẹ kó tó ṣírò bó ṣe máa yára tó. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré tí kò ní káàdì àwòrán ńlá lè ṣiṣẹ́ lórí sólà àti bátìrì. Èyí tí wọ́n tò fún géèmù, jẹnẹrétọ̀ ló máa sìn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ò kúkú ra Raspberry Pi. Pákó kékeré ni, ó tó káàdì báǹkì, wọ́n gbé e jáde lọ́jọ́ 29 oṣù kejì 2012 ní dọ́là 35, torí pé Eben Upton àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cambridge rí i pé àwọn ọmọ tó ń wá ka kọ̀ǹpútà kò mọ inú ẹ̀ mọ́ bíi ti àwọn tó ṣáájú wọn. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ti lẹ̀ mọ́ pákó náà kó tó dé ọwọ́ yín, ráàmù ẹ̀ kò ṣeé yọ, ọpọlọ ẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀. Ó kọ́ni ní ètò kíkọ àti bí a ṣe ń darí iná kékeré. Kò lè kọ́ni ní títò.

Láptọ́ọ̀pù tuntun náà sì ti ń dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti jó ráàmù wọn mọ́ motherboard, bí ó bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, tí wọ́n kó ìwé ilé ẹ̀kọ́ sínú ẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, èrò náà dára, ọ̀pọ̀ ọmọ fi kàwé. Àmọ́ àpótí tí wọ́n ti dí pa ni. Ọmọ tó fún ní ìwé kà kò lè rí inú ẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí Compaq àti Phoenix ṣí láàárín 1982 sí 1984, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rọra tì í padà, kò sì sẹ́ni tó kéde.

Èyí ló fi jẹ́ pé ọdún díẹ̀ tó wà níwájú wa yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pé ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn ọ́fíìsì ní London àti Frankfurt ń kó wọn jáde sẹ́yìn ilé. Irú wọn ló ń gba ojú omi wọ Lagos gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, tí díẹ̀ á ṣiṣẹ́, tí àwọn kan á kú sójú ọ̀nà, tí wọ́n á jó wọn níná nítorí bàbà inú wáyà wọn, tí èéfín ẹ̀ á máa wọ ìmú ọmọdé. Linux ò bìkítà nípa ọjọ́ orí wọn. Emmabuntüs, ètò tí àwọn tó ń to Jerry sábà máa ń fi sínú kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n dìídì ṣe é fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jù nù ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àpótí wọn ṣeé ṣí, ráàmù wọn ṣeé yọ, síkúrù wọn ni síkúrù tí gbogbo wa mọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn kúrò ní Ìkẹjà lè dé Ìsẹ́yìn kó tó di ìrọ̀lẹ́, kó sì dé Ṣakí kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.